Òòyà Ìjọba

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irun orí yín ná. Ṣé ẹ yà á láàárọ̀ yìí? Bí ẹ bá yà á, ẹ rọra sọ ọ́ o, torí ọkùnrin kan wà nígbà kan ní ibodè tó jẹ́ pé ohunkóhun tí òòyà bá ti kọjá lára rẹ̀, owó gidi ni yóò san kó tó wọ̀lú.

Ọkùnrin náà ni Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìpínsísọ̀rí Ọjà ní ọ́fíìsì àwọn aṣọ́bodè tó wà létí èbúté. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Ọkọ̀ ojú omi a gúnlẹ̀, wọn a já ẹrù, òun a wo ẹrù, a sì sọ orúkọ tí ẹrù ń jẹ́ lójú òfin, kí wọ́n lè mọ iye tí oníṣòwò yóò san. Bàtà a jẹ́ bàtà, ìkòkò a jẹ́ ìkòkò, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i níbi tó ti ń bọ̀, ẹ ó rò pé òun ló ń ti òkun kó má kún bo ìlú. Ikùn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì, òun fúnra rẹ̀ a wá tẹ̀lé e. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó gùn dé àyà, ó ń dán yinrin, kò sì sí àárọ̀ kan tí kì í yà á fún odidi wákàtí níwájú dígí. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Àṣẹ-Ti-Jáde lẹ́yìn, torí kò sí ọ̀rọ̀ tó lè sọ, ì báà jẹ́ pé kí wọ́n bá òun ti fèrèsé, kó má fi "Àṣẹ ti jáde!" dì í nídìí.

Ilé iṣẹ́ ahunṣọ pọ̀ nílùú náà, nítorí náà irun àgùntàn ló pọ̀ jù nínú ẹrù tó ń wọlé. Òfin sì ti là á sílẹ̀ kedere. Irun tí wọn kò tíì yà, owó ibodè rẹ̀ kò tó nǹkan. Irun tí wọ́n ti yà lókè òkun, owó rẹ̀ wúwo, kí àwọn tó ń yarun nílé lè ríṣẹ́ ṣe. Ọmọdé gan-an lè fojú mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Èyí tí wọn kò tíì yà rí wúruwùru, koríko àti ìgbẹ́ àgùntàn ń bẹ nínú rẹ̀, òórùn ọ̀rá rẹ̀ á ti kí ọ kí o tó kí i. Èyí tí wọ́n ti yà mọ́ tónítóní, ó fẹ́lẹ́, gbogbo rẹ̀ kọjú síbì kan náà, wọn a sì wé e róbótó bí okùn ńlá.

Ìyàwó Ọ̀gá gan-an, ilé iṣẹ́ ìyarun ló ní. Ìyá Onírun ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹ̀yìnkùlé wọn ni ilé iṣẹ́ náà wà, àwọn obìnrin mẹ́jọ ló ń bá a ṣe é. Àwọn oníṣòwò a kó irun wúruwùru wá, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a yà á, oníkálukú a gba tirẹ̀ lọ. Iṣẹ́ yìí ló kọ́ ilé tí Ọ̀gá ń sùn sí, òun ló sì rán àwọn ọmọ nílé ìwé, torí owó oṣù Ọ̀gá, bàtà àti òróró irùngbọ̀n ló ń bá a lọ. Ẹ fi ilé iṣẹ́ yìí sọ́kàn o. Bí ó bá wó, ilé Ọ̀gá ti wó nìyẹn. Ọ̀gá kò sì tíì tẹsẹ̀ bọ ibẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti gbé ìyàwó. Ó ní òórùn irun kò yẹ ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ìjọba. Òun náà ni ìjọba ń sanwó fún pé kó máa pín irun sí ìsọ̀rí.

Ọjọ́ tí wàhálà bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gá kó àwọn òṣìṣẹ́ tuntun lọ sí ilé ìkẹ́rùsí láti kọ́ wọn níṣẹ́. Ó dúró níwájú ìdì irun kan, ó wú àyà, ó na ìka sí i.

"Ẹ wo irun yìí! Irun játijàti! Irun aláìlẹ́kọ̀ọ́! Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, òòyà kò tíì kan èyí rí!"

Irun tó nawọ́ sí mọ́ lóló, ó wé róbótó, ó ń dán ju irùngbọ̀n òun fúnra rẹ̀ lọ. Oníṣòwò tó ni ín wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ojú-Là, nítorí pé kò sí ibi tí èrè sá sí tí kò ní rí i. Ojú-Là dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Irun tí wọn kò tíì yà ni mo kó dé, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ kọ ọ́. Owó kékeré ni n ó san."

Ẹnì kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹlòmíì kò rántí bo tirẹ̀. Ẹ̀rín bú jáde, Ọ̀gá sì mọ̀ pé òun ti ta epo sí àlà. Àfi Akọ̀wé rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, ló sáré bọ́ síwájú.

"Sà, ojú yín kò ṣì o. Irun yẹn ló tan ojú yín jẹ."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò."

Ká ní ó gbà pé òun ṣì í wò ni, ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ ọ rí pé ẹni tí ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé ṣe àṣìṣe? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kó gbogbo ọ́fíìsì jọ sí gbàgede, ó gun orí àpótí.

"Ẹ̀yin òpó tó gbé orílẹ̀-èdè dúró! Mo ti ronú títí ọpọlọ mi fi bẹ̀ mí pé kí n ṣàánú òun. Ojú ń purọ́! Ọwọ́ ń purọ́! Imú, ẹ má tilẹ̀ jẹ́ ká dárúkọ rẹ̀ láàárín àgbà! Ṣùgbọ́n òòyà! Ta ni òòyà purọ́ fún rí? Láti òní lọ, irun yòówù tó bá wọ èbúté yìí, òòyà ìjọba la ó fi dán an wò. Bí òòyà bá kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n ti yà á. Bí òòyà bá há, wọn kò tíì yà á. Àṣẹ ti jáde!"

Àtẹ́wọ́ ró gbùgbà. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà sunkún, ó fi fáìlì nu ojú.

Wọ́n rọ òòyà náà ní idẹ, ó gùn tó apá àgbàlagbà. Orí tìmùtìmù pupa ni wọ́n ń gbé e sí, ẹ̀ṣọ́ kan wà tí kò ní iṣẹ́ méjì ju kó máa wò ó lọ. Láràárọ̀, bí wọ́n bá ti gbé e jáde, gbogbo òṣìṣẹ́ a dìde dúró. Wọ́n ń kí òòyà kí wọ́n tó kí ara wọn.

Ìdì irun tí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò, irun wúruwùru pọ́nńbélé ni. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ki òòyà bọ̀ ọ́. Òòyà há. Lójú òfin tí òun fẹnu ara rẹ̀ ṣe, ọ̀rọ̀ ti parí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò tíì yà á. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá wo òòyà tó há, ó wo àwọn ènìyàn tó ń wò ó, ara rẹ̀ kò gbà á.

"Òòyà ìjọba há? Òòyà ìjọba kì í há! Ẹ fà á!"

Wọ́n fà á. Kò jáde. Àwọn mẹ́ta kún wọn, wọ́n tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fà á síbí, wọ́n fà á sọ́hùn-ún, òógùn bò wọ́n. Nígbà tó pẹ́, koríko já bọ́, ìdọ̀tí já bọ́, irun nà tàrà, òòyà sì kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ó kọjá!" ni Ọ̀gá pariwo. "Wọ́n ti yà á!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà! Wọ́n ti yà á!"

Òótọ́ sì ni, wọ́n ti yà á. Àwọn tó yà á náà ló ń pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, kò sí irun tí kò yege. Nígbà tí ọ̀rá àti ìgbẹ́ àgùntàn bẹ̀rẹ̀ sí í ba eyín òòyà jẹ́, Ọ̀gá pàṣẹ pé kí wọ́n máa fọ irun kí wọ́n tó dán an wò, torí ọ̀wọ̀ òòyà. Ni wọ́n bá kó agbada àti ọṣẹ wọ gbàgede. Aṣọ́bodè tó ti ń lé àwọn onífàyàwọ́ lójú omi tẹ́lẹ̀, ẹ ó bá a tó ká ṣòkòtò sókè, tó ń gún irun nínú ọṣẹ. Wọ́n ta okùn láti fèrèsé Ọ̀gá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sá irun sí i. Bàtà, ìkòkò àti oògùn ilé ìwòsàn tò sí èbúté, wọ́n ń retí ìgbà tí irun yóò gbẹ.

Àwọn oníṣòwò kọ́kọ́ fárígá, torí owó irun tí wọ́n ti yà ni gbogbo wọn ń san. Wọ́n fẹ́ kọ̀wé fẹ̀sùn. Ojú-Là ló dá wọn dúró.

"Ẹ pa ẹnu yín dé o! Kí lẹ kó wọlé?"

"Irun pẹ̀lú ìgbẹ́."

"Kí ni wọ́n kó fún yín jáde?"

Wọ́n wo ara wọn. Irun tó mọ́, tó gbẹ, tó nà, tó ku kí ahunṣọ gbà á lọ ni wọ́n kó fún wọn. Owó ibodè pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí wọ́n ń ná lórí fífọ̀ àti yíyà tẹ́lẹ̀. Ìjọba ti di alágbàṣe wọn, kò sì mọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn oníṣòwò yìí kan náà lọ kí Ọ̀gá ní ọ́fíìsì, wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ ńlá dání, irùngbọ̀n gba ìdajì rẹ̀.

"Bàbá Òòyà!" ni Ojú-Là wí, ó ń fọwọ́ gbá àyà. "Ohun kan ló ń dùn wá. A ò fẹ́ rẹ́ ìjọba jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ máa dán tiwa wò lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹ sì tẹ òòyà náà mọ́lẹ̀ díẹ̀."

Ojú Ọ̀gá rọ. "Ẹ wo ọmọ orílẹ̀-èdè rere. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ó dán tìrẹ wò. Àṣẹ ti jáde!"

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: bí àwọn oníṣòwò bá ń gba irun yíyà ní ibodè, ta ni yóò tún gbé irun lọ sí ẹ̀yìnkùlé Ìyá Onírun?

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ láàárọ̀, ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í.

"Bàbá wọn, iṣẹ́ ti dá o. Oṣù yìí, ẹnikẹ́ni ò gbé irun wá."

"Kò lè sí iṣẹ́," ni Ọ̀gá dáhùn, ó ń fi ìka ṣa èérún búrẹ́dì kúrò nínú irùngbọ̀n. "Kò sí irun tí wọn kò tíì yà tó ń wọlé mọ́. Wọ́n ti gbọ́ nípa òòyà mi lókè òkun, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n ń yà á kí wọ́n tó fi ránṣẹ́."

"Mo gba ẹ̀yìn ọ́fíìsì yín kọjá lánàá. Mo rí ọkùnrin kan nínú yúnífọ́ọ̀mù tó ń fi ọṣẹ fọ irun."

"Ìdánwò nìyẹn."

"Ọṣẹ ńkọ́?"

"Ọṣẹ ìdánwò."

Ìyá Onírun gbé ife tíì rẹ̀, ó lọ mu ún níta.

Ẹran tí a ń wá kò tíì tán nínú igbó. Irun pọ̀ títí apá àwọn aṣọ́bodè kò ká a mọ́, ni Ọ̀gá bá ní kí wọ́n gba àwọn adánwò kún wọn, kí wọ́n wá àwọn tí ọwọ́ wọn mọ òòyà dì mú. Ibo ni wọn ó ti rí wọn? Àwọn obìnrin mẹ́jọ tí iṣẹ́ ti dá lọ́wọ́ wọn ló tò wá. Ìjọba fún wọn ní fìlà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ọ̀gá bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́, ó ń fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn. Ìyá Onírun kò pa omijé rẹ̀ mọ́.

"Inú mi bà jẹ́, Bàbá wọn. Ẹ wò mí dáadáa, kí ẹ má ní mi ò sọ. Ohun tí mo fi ọwọ́ mi méjèèjì kọ́, ẹ ti fi òòyà kan wó o."

Nǹkan gún Ọ̀gá lọ́kàn fìrí. Ṣùgbọ́n olú ilé iṣẹ́ aṣọ́bodè ti ránṣẹ́ pé àga Ọ̀gá Pátápátá ṣófo, àti pé Olùyẹ̀wò Àgbà ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

"Má sunkún mọ́. Bí mo bá gorí àga yẹn, o ò tún ní fọwọ́ kan irun mọ́ láéláé."

"Ìyá Onírun ni wọ́n ń pè mí," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Bí kò bá sí irun mọ́, kí ni wọn ó máa pè mí?"

Ọ̀gá wọlé lọ ṣètò ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún àlejò.

Àlejò dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ti tò sí ọ̀nà méjì, wọ́n ń retí mọ́tò gbọ̀ngbọ̀nràn. Ìyá arúgbó tínrín kan ló fẹsẹ̀ rìn wọlé, awò lójú, báàgì kékeré lábíyá. Ẹ̀ṣọ́ fẹ́ lé e, ó rò pé ó wá gba ẹrù ni. Ìgbà tó mú ìwé àṣẹ rẹ̀ jáde ni gbogbo ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ gbì. Wọ́n fi í jókòó níwájú tìmùtìmù pupa, Ọ̀gá sì gun àpótí.

"Olùyẹ̀wò Àgbà! Ìmọ́lẹ̀ aṣọ́bodè! Láti ìgbà tí òòyà yìí ti jókòó lórí oyè, irun tí wọn kò tíì yà kò wọ èbúté yìí mọ́! Kò sí ẹyọ kan! Gbogbo àgbáyé ti yarun wọn nítorí mi!"

"Kò sí ẹyọ kan?" ni ìyá náà béèrè.

"Kò sí ìdajì ẹyọ!"

"Ẹ dán ọ̀kan wò kí n rí i."

Wọ́n gbé ìdì kan dé, ó ń rùn débi tí ìyá náà fi yọ áńkáṣífì. Wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n sá a. Àwọn obìnrin mẹ́jọ jáde pẹ̀lú fìlà, wọ́n ki òòyà bọ̀ ọ́, ọwọ́ wọn já geere. Ìyá náà súnmọ́ wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe gan-an?"

"À ń yarun ni, mà," ni àgbà inú wọn dáhùn. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wúkọ́, obìnrin náà bá yí i padà: "À ń dán an wò ni, mà."

"Ó kọjá!" ni Ọ̀gá ké. "Wọ́n ti yà á!"

Ìyá náà mi orí. Ó wo ìta. Àgùntàn kan tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń sìn ń jẹ koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò mọ ohun tó ń lọ.

"Ẹ bá mi dán ìyẹn náà wò."

Ta ló tó kọ̀? Wọ́n mú àgùntàn wọlé, wọ́n fọ̀ ọ́, ó ń ta wọ́n nípàá. Àwọn obìnrin mú òòyà sí i lára, àgùntàn wá dákẹ́, ara tù ú. Òòyà kọjá láti ọrùn dé ìdí.

"Ó dáa," ni ìyá náà wí. "Ọ̀gá, kí ni orúkọ èyí lójú òfin yín?"

Òógùn bo Ọ̀gá. Bí ó bá ní àgùntàn ni, òòyà ti purọ́. "Irun... irun àgùntàn tí wọ́n ti yà, mà."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, mà. Pẹ̀lú ẹsẹ̀."

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀," ni ẹrù náà wí.

Ẹ̀rín ti ń ki àwọn ènìyàn ní ikùn, wọ́n ń gbé e mì. Ìyá náà gbé awò rẹ̀ sókè. "Irùngbọ̀n yín mà dára o. Ṣé ẹ máa ń yà á?"

Ìgbéraga kì í jẹ́ kí ènìyàn rí kòtò. Ọ̀gá ti fọwọ́ pa á, ó ti rẹ́rìn-ín músẹ́. "Láràárọ̀, mà! Òòyà ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́!"

"Ṣé ẹ sì ń gba ibodè yìí wọlé lójoojúmọ́. Ta ló ń bá yín san owó rẹ̀?"

Ohun tí gbogbo wọn gbé mì padà tú jáde. Ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà. Ọ̀gá yíjú sí i, ó fi ojú bẹ̀ ẹ́ kó gba òun bó ṣe gba òun lọ́jọ́sí. Akọ̀wé kọjú sí ìyá náà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ló wí.

Ìyá náà kò pariwo. Ó ní, "Ọ̀gá, irun yíyà kì í ṣe iṣẹ́ ìtìjú. Ìjọba kò kàn rán yín ni." Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ fún un, ó gbé e rin ìgboro kọjá, irùngbọ̀n rẹ̀ níwájú, irùngbọ̀n rẹ̀ lábíyá.

Ní ibodè, wọ́n padà sí fífojú wo irun. Irun wúruwùru padà sí ẹ̀yìnkùlé Ìyá Onírun, àwọn obìnrin mẹ́jọ náà padà, wọ́n dé fìlà ìjọba wá. Iṣẹ́ pọ̀, ọwọ́ kò tó. Ọ̀gá jókòó sí yàrá, ó ń gbọ́ ẹ̀rín wọn, títí ọjọ́ kan tí ìyàwó rẹ̀ yọjú sí i.

"Bàbá wọn, ṣé òòyà ni kò fẹ́ yín mọ́ ni?"

Ó tẹ̀ lé e. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wọ ibẹ̀ nìyẹn. Òórùn náà kò pa á. Ó wú àyà, ó ní, "Ẹ̀yin òpó tó gbé..."

"Bàbá, ẹ ya irun," ni àwọn obìnrin wí.

Ó yà á. Apá ń ro ó, ọwọ́ ń bó. Nígbà tó parí ìdì kan tán, ó wé e fúnra rẹ̀, inú rẹ̀ dùn ju ìgbà tó ń pàṣẹ lọ. Ahunṣọ kan ní ilẹ̀ òkèèrè ló fẹ́ rà á, Ọ̀gá sì ní òun ni yóò gbé e dé ibodè, torí ẹrù tó ń jáde náà gbọ́dọ̀ gba orúkọ níbẹ̀. Ẹni tó bá lórí àga òun ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wo irun náà fìrí.

"Èyí? Wọn ò tíì yà á."

"Èmi ni mo yà á! Ọwọ́ mi nìyí!"

"Bàbá, koríko wà nínú ẹ̀. Ẹ wò ó."

"Ojú ń purọ́!" ni Ọ̀gá ké.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Akọ̀wé dáhùn, ahọ́n kò tètè gbàgbé. Lẹ́yìn náà ló lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn: a kò tíì yà á.

Ọ̀gá gbé ìdì náà padà sílé, ó sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀. Ìyá Onírun tú u, ó fa koríko kan yọ, lẹ́yìn náà òmíràn. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dúró sójú kan.

"Ẹ tún un yà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀. Àṣẹ ti jáde."

Ọ̀gá wo irun, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó ká apá aṣọ sókè, ó mú òòyà, ó tún un bẹ̀rẹ̀.